Ẹgbẹ́ Ìbàdàn, Ọmọ Gbọ̀ngán: Ta Ló Ni 3SC?

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa tí a wá láti agbègbè Gbọ̀ngán kọ nǹkan nípa ìtàn ilé wa, ohun tí gbogbo ènìyàn rò ni pé ọ̀rọ̀ Olúfi la máa kọ, tàbí ti ọjà Àpòmù àti ogun Òwu. A tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ sílé ní ìsinmi tó kọjá, ọ̀rọ̀ tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà kì í ṣe ti Òwu rárá. Ọ̀rọ̀ Shooting Stars ni.

Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, wọn kì í sì í bèèrè ẹ̀kọ́ wa kí wọ́n tó bèèrè bọ́ọ̀lù. Tí sáà líìgì bá ti parí báyìí, ìbéèrè wọn kì í yí padà: ta ló ń lọ, ta ló ń bọ̀, ṣé ìjọba ti fọwọ́ sí owó? Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú wa fi àwàdà dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, ẹgbẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mà ni. Ọ̀ṣun làwa wà." Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ọmọ náà títí, wọ́n ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Owó ta ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn la gbé padà sílé-ìwé. A kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí inú ń bí lásán ni, àfi ìgbà tí a jókòó tì í tí a rí i pé Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Kí orúkọ tó di Shooting Stars, WNDC ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Ìkékúrú orúkọ àjọ ìjọba ni, Western Nigeria Development Corporation, àjọ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà dá sílẹ̀ láti máa fi owó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Níbo ni owó náà ti ń wá? Láti inú kòkó ni. Láti ọdún 1954 tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń ra ohun ọ̀gbìn, iye tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ kì í tó iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Èyí tó bá ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì ni ìjọba ń kó pamọ́, tó sì ń ná. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ṣì ń fi yangàn títí dòní: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955, ilé tẹlifíṣàn ti 1959, pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní 1960, àti Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Gbọ̀ngán, Òde-Òmu, Ìkirè, Àpòmù, gbogbo wọn ló wà nínú ilẹ̀ kòkó yẹn. A ò sọ pé ènìyàn lè tọpa kọ́bọ̀ kan láti oko Gbọ̀ngán dé ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kan. Ṣùgbọ́n tí àjọ tí owó kòkó bí bá dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, tí ó ń san owó oṣù wọn, tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, àgbẹ̀ tó bá ní òun ní ìpín níbẹ̀ kò ṣì sọ.

WNDC gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1971. Lẹ́yìn èyí, àjọ náà yí orúkọ padà, ẹgbẹ́ sì di IICC Shooting Stars. Àwọn àgbà Gbọ̀ngán kò pè é ní ohun mìíràn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ 3SC, wọ́n á dá yín lóhùn pẹ̀lú "Áì-áì-sísì" bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣì í pè.

Kí ẹ wá wo ọdún 1976. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún náà, ìjọba ológun pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ògùn, Òndó àti Ọ̀yọ́. Gbọ̀ngán bọ́ sí Ọ̀yọ́. Ọdún yẹn kan náà ni IICC gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n sì tún lọ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, àwọn tó gba ife náà ní ọdún tó ṣáájú, àwọn tí Roger Milla wà láàárín wọn. IICC nà wọ́n ní 4–1 nílé, wọ́n sì pàdánù 1–0 ní Yaoundé. Àpapọ̀ jẹ́ 4–2. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú wọn.

Orúkọ àwọn tó gbá a, bí oríkì ló rí lẹ́nu Bàbá: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tí wọ́n ń pè ní Mathematical, Múdà Lawal, Sam Òjẹ́bọ̀dé, Kúnlé Awẹ́sù, Joe Appiah ará Gánà. Alan Hawkes, òyìnbó ará Ìlú Ọba, ni kóòṣì wọn. Bàbá ní àwọn wọ ọkọ̀ láti Gbọ̀ngán lọ sí Liberty ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà náà, pé tí àwọn bá ń bọ̀ nílé lálẹ́, dòdò Ìkirè ni ẹ̀rí. Tí àwọn ọmọ bá ti rí dòdò lọ́wọ́ baba wọn, wọ́n mọ̀ pé IICC ti borí. Tí wọ́n bá pàdánù ńkọ́? Bàbá ní kò sẹ́ni tó ń dúró ra dòdò nígbà tí inú ń bí i.

Ní 1977, IICC tún bá ìdíje náà dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Rangers ti Enugu ni wọ́n sì bá pàdé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni, ọdún náà ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn ju bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n gbá ti àkọ́kọ́ ní Èkó, ọ̀mì ni, kò sẹ́ni tó jẹ ayò. Wọ́n gbé ìkejì kúrò ní ilé ẹnì kankan, wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná. Ibẹ̀ ni Rangers ti fi pẹnárítì jáwé olúborí, tí wọ́n sì lọ gba ife náà. Àwọn àgbà wa kan kò tíì dárí jì wọ́n títí di òní. A bi wọ́n pé kí ni Rangers ṣe. Wọn ò rí ohun kan tọ́ka sí, àfi pé wọ́n borí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3–0 ní Èkó láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Lawal jẹ ẹyọ kan. Ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ 3SC ló jẹ wọ́n. Àwa tí a bí lẹ́yìn ọdún 2000, ó yẹ kí á ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n tún gba líìgì ní 1980 àti 1983. Ní 1984, wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà. Zamalek ti Kírò ló bá wọn níbẹ̀, ó nà wọ́n ní 2–0 lọ́hùn-ún, ó sì tún wá nà wọ́n ní 1–0 nílé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ni Ọdẹ́gbàmí fi dágbére fún bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gbá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ibí la ti fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù dáadáa, ẹ má wo ọjọ́ tí wọ́n gbá àṣekágbá. Ẹ wo oṣù méjì tó tẹ̀ lé e. Ìgbà ìsinmi tó tẹ̀ lé sáà 1984 ló yí nǹkan padà. Àwọn olówó ti wọ inú bọ́ọ̀lù nígbà náà. Leventis United wà ní Ìbàdàn gan-an, nínú ilé 3SC. Abíọ́lá Babes wà ní Abẹ́òkúta. Rashidi Yekini, ọmọkùnrin tó gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sáwọ̀n fún Nàìjíríà nínú ife àgbáyé ní 1994, inú 3SC ló wà láti 1982. Ní 1984, ó kọjá sí Abíọ́lá Babes. Ìpínlẹ̀ kò lè bá olówó díje lórí owó oṣù. Leventis gba ife orílẹ̀-èdè ní 1984 àti 1986, wọ́n tún gba líìgì ní 1986. Abíọ́lá Babes gba ife tiwọn ní 1985 àti 1987. 3SC ń wòran.

Ṣùgbọ́n níbo ni Leventis United wà lónìí? Níbo ni Abíọ́lá Babes wà? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sú àwọn tó ni wọ́n, wọ́n pa á tì, ó sì parí. Kò sẹ́ni tó lè pa 3SC tì bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìjọba ló ni ín. Àǹfààní tó wà nínú kí ìjọba ni ẹgbẹ́ nìyẹn, òun náà sì ni ìṣòro rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò ní kú, ṣùgbọ́n kò sí sáà kan tí kò ní dúró de ìbuwọ́lù ẹnì kan lọ́fíìsì kí ó tó mí.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ààlà bọ́ sí Aṣẹ́jíre, níbi afárá tó kọjá lórí omi. Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Àpòmù wà ní apá ìhín, Ìbàdàn wà ní apá ọ̀hún. Ọdún kejì, 1992, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà dá ìdíje tuntun kan sílẹ̀, CAF Cup, èyí tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá fi ife rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. (Ẹ rí i pé ọwọ́ olówó kan náà tó gba Yekini ló tún gbé ife kalẹ̀.) 3SC gbá ọ̀mì pẹ̀lú Nakivubo Villa ní Kampala, wọ́n sì nà wọ́n ní 3–0 ní Ìbàdàn. Wọ́n di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó gba ife náà. Ní Gbọ̀ngán, àwọn ènìyàn tú síta lálẹ́ ọjọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ, wọ́n ń jó fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn. Bàbá ní kò sẹ́ni tó rántí pé ìpínlẹ̀ mìíràn ni.

Ohun tó wá yà wá lẹ́nu nígbà tí a ń ka ìwé nìyí. Ní 1976 tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, wọn kò pín àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń pín ẹran. Wọ́n kó wọn sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Odù'à, gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí láti inú rẹ̀ ló sì ní ìpín níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀ṣun dé ní 1991, Ọ̀ṣun náà gba ìpín tirẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Gbọ̀ngán ní ìpín nínú Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ títí di òní, bó ti wù kó kéré mọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kò sí nínú ohun tí wọ́n jọ ní. Ọ̀yọ́ nìkan ló mú un. Ilé tí owó kòkó kọ́, a jọ ni ín. Ẹgbẹ́ tí owó kòkó dá sílẹ̀, a kì í ṣe ara rẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ronú nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹnìkan á sọ pé Ọ̀ṣun náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Prime FC wà ní Òṣogbo, èyí tó padà di Osun United. A fẹ́ràn wọn, a kì í bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ bọ́ọ̀lù kì í tẹ̀ lé ìwé àṣẹ. Ẹni tí baba rẹ̀ ti gbé e léjìká ní Liberty ní 1976, ẹ ò lè fún un ní ẹgbẹ́ tuntun ní 1991 bí ẹni ń pààrọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀.

Àwọn ọdún tó kù, kíákíá la máa sọ wọ́n, nítorí pé wọ́n ń dùn wá. 1995: líìgì àti ife orílẹ̀-èdè lọ́dún kan náà. 1996: àṣekágbá Áfíríkà lẹ́ẹ̀kan sí i, Zamalek lẹ́ẹ̀kan sí i! 2–1 níbí, 2–1 lọ́hùn-ún, Zamalek sì fi pẹnárítì gbà á ní 5–4. 1998: líìgì karùn-ún. Lẹ́yìn náà, òfo. Títí di ìparí sáà 2024/2025, wọn kò gba líìgì mọ́. Ní 2017, wọ́n já sí ìsọ̀rí kejì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n lò níbẹ̀, títí di 2021 tí wọ́n gòkè padà. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ bá wọn gòkè lọ́dún náà. Ní 2025, Remo Stars gba líìgì. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì wọlé, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Kí ni Remo Stars ní tí 3SC kò ní? Kì í ṣe orúkọ, kì í ṣe èrò, kì í ṣe ìtàn. Ẹnì kan ló ni wọ́n, ó sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i. Ní ìhà tiwa, ìgbà ìsinmi kọ̀ọ̀kan dà bí ìgbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀pọ̀ àdéhùn nínú líìgì wa kì í pẹ́ kí ó tó tán. Tí ọmọ kan bá ṣe dáadáa ní sáà kan, ó ti lọ kí ènìyàn tó mọ orúkọ rẹ̀ tán. Bàbá ní àwọn lè ka IICC ti 1976 láti orí aṣọ́lé dé orí ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ ní kí wọ́n ka ti sáà tó kọjá, wọn ò lè dárúkọ márùn-ún, kì í sì í ṣe nítorí ọjọ́ orí.

Èrò tiwa rèé fún ìgbà ìsinmi tó ń bọ̀, kò sì bá ti gbogbo ènìyàn mu, àwa fúnra wa jà lé e lórí. Ọ̀kan nínú wa gbà pé kí Ọ̀yọ́ ta ẹgbẹ́ náà fún olówó, kí á bọ́. Àwọn tó kù rántí Leventis. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n dá agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án dúró fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n fi owó tí wọ́n ń ná lórí ogún àjèjì lọ́dọọdún ṣe é. Kí wọ́n má sì jókòó sí Adámásíngbà kí àwọn ọmọ máa wá bá wọn fún ìdánwò. Pápá ilé-ìwé tó wà ní Gbọ̀ngán, ní Ìkirè, ní Àpòmù, ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ò lè ka iye ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá níbẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀ péré ni láti Ìbàdàn bí ọ̀nà bá dára. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìmúrasílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọdá Aṣẹ́jíre lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wá gbá a lọ́dọ̀ wa. Ọ̀fẹ́ kọ́, a ó sanwó.

Èyí tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín. Ní Jámánì, òfin kan wà láti 1998 (ọdún tí 3SC gba líìgì kẹ́yìn, ẹ ò rí i!) pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Olówó lè kó owó wá, kò lè dá pinnu. A ò retí irú èyí lọ́la. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa pàdánù tí wọ́n bá ta káàdì ọmọ ẹgbẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́, yálà ará Ìbàdàn ni tàbí ará Gbọ̀ngán tàbí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó ní káàdì yan ènìyàn méjì sínú ìgbìmọ̀? Nígbà náà, ìbéèrè tí Bàbá máa ń bi wá ní gbogbo ìgbà ìsinmi á ní ibi tí wọ́n ti lè bi í.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Ọ̀kan nínú àwa tí a kọ eléyìí lè sọ iye tí Arsenal ra agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì wọ Adámásíngbà rí títí di oṣù tó kọjá. Nílé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ládùúgbò wa ní Gbọ̀ngán, wọ́n kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà sára pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ti Ìlú Ọba, ti Spain, ti Ítálì. Ti 3SC kò sí níbẹ̀. A bi ẹni tó ni ibẹ̀ léèrè. Ó ní kò sẹ́ni tó máa san owó wò ó. Bàbá máa san án, la sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá nìkan kò lè san owó epo jẹnẹrétọ̀.

Bàbá ti rán wa níṣẹ́ báyìí. Wọ́n fẹ́ jẹ́sì 3SC, aláwọ̀ búlúù, tí a bá ti ń padà bọ̀ nílé. A ti wá gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Gbọ̀ngán. Ti Chelsea búlúù ni wọ́n kọ́ sójúde, ẹni tó ń tà á sì ní kí á mú un bẹ́ẹ̀, pé ojú àgbà kò ní mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kò mọ Bàbá. A máa wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé.